Ṣáńpù Wo Ló Yẹ Irun Tí A Pa Láró? Ìfiwéra Fún Ẹni Tó Fẹ́ Kí Àwọ̀ Pẹ́, Kí Irun Sì Máa Dán

Owó tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ná láti pa irun láró kì í ṣe owó kékeré mọ́. Ẹni tó fẹ́ gold, ẹni tó fẹ́ burgundy, bàbá tó ń fi Bigen bo ewú, ọmọbìnrin tó ra wíìgì 613 tó ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́lẹ́, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wá: kí àwọ̀ yẹn dúró, kí irun má sì gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fara balẹ̀ yan àwọ̀ kì í sábà fara balẹ̀ yan ṣáńpù. Èyí tó bá wà nílé ló máa fi fọ̀ ọ́, tàbí èyí tí wọ́n bá kọ "colour" sí lára gàdàgbà. Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ìgò kò tó láti fi ra ṣáńpù. Irú aró tó wà lórí yín, omi tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́, àti ìpara tí ẹ ń fi sí i, àwọn ló yẹ kó yan ṣáńpù fún yín. Irun tiwa ni mo ní lọ́kàn nínú ìfiwéra yìí, irun dúdú tó lọ́, yálà ẹ ti fi rìlásà nà án tàbí ẹ fi sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò

Ara irun fúnra rẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi máíkírósíkóòpù wo fọ́nrán irun kan, ìpẹ́ ló bò ó láti ìdí dé ṣóńṣó, ọ̀kan gun èkejì bíi páànù òrùlé. Nígbà tí àwọn ìpẹ́ yìí bá sùn lélẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á bà lé wọn, á sì ta padà sójú ẹni tó ń wò ó. Dídán tí à ń wí nìyẹn. Bí wọ́n bá gbérí, irun á ṣú, á máa họ́ra wọn, aró tó wà nínú á sì máa rí ọ̀nà jáde. Irun tó lọ́ kókó kì í ta ìmọ́lẹ̀ padà tó irun tó nà, nítorí náà ẹ má gba ẹni tó bá ní ṣáńpù kan máa sọ afro di ohun tó ń kọ mànà gbọ́. Iṣẹ́ ṣáńpù rere ni kó fọ ìdọ̀tí kúrò, kó má sì ṣí ìpẹ́ tó ti sùn.

Ohun kejì ni irú aró. Aró tó ń pẹ́, èyí tí wọ́n ń po mọ́ peroxide (èròjà olómi tó ń mú aró ṣiṣẹ́), máa ń ṣí ìpẹ́, á wọ inú irun lọ, á dì mọ́ra níbẹ̀ títí tí kò fi ní lè jáde wẹ́rẹ́. "20 volume" tí onírun yín ń dárúkọ, peroxide 6% ni. "30 volume" jẹ́ 9%, "40 volume" sì jẹ́ 12%. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń ga sí i ni ìyà tó jẹ irun ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa nílò ṣáńpù tó rọra. Ní ti semi-permanent, aró tí kì í pẹ́ púpọ̀, kò ní peroxide. Ìta irun ló lẹ̀ mọ́, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń bá omi lọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọ orí. Àwọ̀ pupa ló ń tètè ṣá jù, yálà ó jẹ́ wine, burgundy tàbí copper.

Ẹ̀kẹta ni pH, òṣùwọ̀n tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tó. Ohun kíkan, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, wà nísàlẹ̀ 7. Omi eérú wà lókè 7. Awọ orí wa wà ní nǹkan bí 5.5, irun fúnra rẹ̀ sì tún lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohunkóhun tó bá ga jù fún irun á jẹ́ kó wú, kí ìpẹ́ rẹ̀ sì là. Ṣáńpù tó bá wà láàárín 4.5 sí 5.5 ló dára fún irun tó ní aró. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sára ìgò pé "pH balanced" láì dárúkọ nọ́ńbà; èyí tó bá dárúkọ nọ́ńbà ni kí ẹ fọkàn tán jù.

Ẹ̀kẹrin, omi. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka èyí sí rárá, bẹ́ẹ̀ ó wà lára ohun tó ń ba àwọ̀ jẹ́ jù. Bí bọ̀hóòlù yín bá ń kun ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì ní pupa bíi ti ìpẹtà, irin ló wà nínú rẹ̀, irin yẹn sì ń bọ́ sórí irun tí wọ́n ti bilíìṣì, á sọ gold yín di pupa ìdọ̀tí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London ń bá calcium fà á. Ẹ ṣí kẹ́tù yín kí ẹ wo ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Irú nǹkan yẹn gan-an ló ń bọ́ sórí irun yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹ ó sì máa rò pé ṣáńpù ni kò dára. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń gbé agbada sábẹ́ òrùlé láti gbe omi òjò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Omi òjò kò ní àwọn nǹkan wọ̀nyí nínú, ọṣẹ ń tètè hó nínú rẹ̀, irun sì ń mọ́.

Owó ló kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ má fi iye tí wọ́n kọ sára ìgò nìkan wọ̀n ọ́. Ẹ pín in sí iye ìgbà tó máa fọ orí. Bí orí yín bá ń gba mílílítà 20 lẹ́ẹ̀kan, ìgò Cantu, ṣáńpù owó àárín kan, tó jẹ́ mílílítà 400 máa fọ̀ ọ́ ní ìgbà 20. Ìgò Olaplex, ṣáńpù olówó ńlá kan, tó jẹ́ mílílítà 250 kò ní ju 12 lọ. Ẹni tó ń fọ orí lọ́sẹ̀ méjì-méjì máa fi ìgò Cantu kan ṣe oṣù mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò báyìí, àwọn kan tó dà bí ẹni pé wọ́n wọ́n lójú kò ní wọ́n mọ́, àwọn kan tó dà bí ẹni pé wọ́n pọ̀ á sì já sí pé wọn ò pọ̀.

Ṣáńpù inú gálọ́ọ̀nù

Èyí ni ẹ máa bá nídìí síńkì ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù onírun, nínú kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin tàbí márùn-ún, àwọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ewé tàbí pupa, òórùn ápù tàbí sitirọ́bẹ́rì. Ohun tó ń fọ ìdọ̀tí nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ sodium lauryl sulfate tàbí sodium laureth sulfate. Laureth rọra díẹ̀ ju lauryl lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n; àwọn ni à ń pè ní sulfate.

Mi ò ní bú u. Kò sí èyí tó pọ́n dandan tó o fún ẹni tó fi òrí, Vaseline àti gel dí orí rẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lábẹ́ wíìfù-ọn. Ó ń fọ̀ ọ́ mọ́ kíá, ó ń hó dáadáa, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Fún irun tí kò ní aró, tí wọ́n sì fi kọndíṣọ́nà gidi tẹ̀ lé e, kò burú rárá.

Irun tó ní aró ni kì í bá a rẹ́. Nígbà tí ẹ bá ṣan án tán, ẹ fi ìka méjì fa fọ́nrán irun kan láti òkè wá sísàlẹ̀. Bó bá dún kín-ín-kín-ín lọ́wọ́ yín, òróró tó ń dáàbò bo ìpẹ́ náà ti lọ tán. Lórí irun tí wọ́n fi 40 volume bilíìṣì, ìgbà méjì-mẹ́ta péré ti tó kẹ́ ẹ tó rí i pé àwọ̀ ti ń pá. Ẹ wo aṣọ ìnura náà: bí ẹ bá ń rí pupa lórí rẹ̀ lẹ́yìn ìfọ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, ṣáńpù yẹn ti le jù fún yín.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́. Mo ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó ń da ṣáńpù gálọ́ọ̀nù sínú ìgò olówó ńlá tó ti tán, tó sì gbé e padà sórí sẹ́ẹ̀lì. Owó ìgò yẹn ni oníbàárà máa san. Ẹ má tijú láti bi onírun yín pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú ṣáńpù tèmi wá?" Onírun tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí i.

Ọṣẹ dúdú

Mo mọ̀ pé ibí yìí ni àríyànjiyàn máa wà, torí ọṣẹ dúdú jẹ́ ohun ìní wa, a sì ní ìdí láti fẹ́ràn rẹ̀. Eérú èèpo kòkó, àdín àti epo pupa, ohun tí a ń fi ọwọ́ ara wa ṣe. Ó ń fọ ara mọ́, ó ń fọ èépá orí kúrò, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Àmọ́ eérú ló bí i, eérú kì í sì í kan. Ọṣẹ gidi tí wọ́n fi eérú sè máa ń wà lókè 9 lórí òṣùwọ̀n pH, ohun tó sì ga tó bẹ́ẹ̀ á wú irun, á ṣí ìpẹ́, á sì jẹ́ kí aró máa jáde. Bí ẹ bá tún wá fi omi tó ní calcium fọ̀ ọ́, ọṣẹ náà á bá calcium yẹn dì, á di ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ irun, tí omi kì í lè ṣàn kúrò. Ìdí nìyẹn tí irun ẹni tó ń lo ọṣẹ dúdú ní Peckham ní London fi ń ṣú nígbà tí ti ìyá rẹ̀ tó ń fi omi òjò fọ̀ ọ́ nílé ń dán.

Nítorí náà, ẹni tí kò pa irun láró, tó gé e mọ́lẹ̀ tàbí tó ń fi omi tó rọ̀ fọ̀ ọ́, kó máa bá ọṣẹ dúdú rẹ̀ lọ. Ẹni tó ti náwó lórí àwọ̀, kó fi í sílẹ̀ fún ara, kó má gbé e dórí. Ẹ sì máa ka ẹ̀yìn àwọn ìgò tí wọ́n kọ "African black soap" sí: ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ṣáńpù lásán tí wọ́n fi ọṣẹ dúdú díẹ̀ sí. Irú ìyẹn kò ga tó ọṣẹ gidi, ṣùgbọ́n ohun ìfọ̀ tí wọ́n fi ṣe é ni kí ẹ fi dá a lẹ́jọ́.

Ṣáńpù tí kò ní sulfate, owó àárín

Ibí yìí ni èmi máa rán ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Creme of Nature tó ní argan oil, èyí tí wọ́n kọ "Sulfate-Free Moisture & Shine" sí; Cantu Cleansing Cream Shampoo; àti ọ̀pọ̀ nínú ti SheaMoisture. Gbogbo wọn ló ronú irun tiwa kí wọ́n tó ṣe é, ẹ sì lè rí wọn ní Balógun, ní Trade Fair, ní Dùgbẹ̀, àti ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù irun tó wà ní Rye Lane ní Peckham.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ yí ìgò padà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ohun tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, nítorí náà omi ló máa wà níwájú, "water" tàbí "aqua". Orúkọ méjì-mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí cocamidopropyl betaine, sodium cocoyl isethionate, decyl glucoside, àwọn tó ń rọra fọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá rí sodium C14-16 olefin sulfonate, ẹ ṣọ́ra. Kì í ṣe sulfate, wọ́n sì lè fi òtítọ́ inú kọ "sulfate-free" síwájú ìgò, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti sulfate. Fún irun tó ní òróró púpọ̀ kò burú. Fún burgundy tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó ti le jù.

Ẹ̀sùn tí àwọn èèyàn máa ń fi kàn án ni pé kì í hó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n híhó kọ́ ló ń fọ orí. Ẹ pín irun sí mẹ́rin, ẹ rẹ ẹ́ nínú omi dáadáa, ẹ po ṣáńpù náà mọ́ omi nínú ìgò kékeré tó ní imú ṣóńṣó, kí ẹ sì rọ ọ́ sí awọ orí níkan-níkan. Ẹ fi ọmọ ìka wá a, kì í ṣe èékánná. Ẹ ṣan án, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kejì yìí ló máa hó, torí òróró ti dín kù. Ìfófó tó bá ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ ti tó fún ara irun. Ẹ má kó gbogbo irun jọ sórí kí ẹ máa fún un bí ẹ ṣe ń fún aṣọ, torí bẹ́ẹ̀ ni ìpẹ́ ṣe ń gbérí, tí irun sì ń dí.

Àléébù rẹ̀ gidi ni pé kì í lè kó ìpara tó nípọn àti dimethicone (irú silicone kan tó ń bo irun) tó wà nínú sẹ́rọ́ọ̀mù tán. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ irun á wúwo, á sì dà bí ẹni pé kò fẹ́ gba omi mọ́. Ẹ wá èyí tó lágbára díẹ̀ lo lẹ́ẹ̀kan lóṣù tàbí lóṣù méjì-méjì, kẹ́ ẹ sì fi kọndíṣọ́nà tó nípọn tẹ̀ lé e. Ẹni tí omi ilé rẹ̀ ní irin tàbí calcium, kó wá èyí tí wọ́n kọ "chelating" sí fún ọjọ́ yẹn, tó ní EDTA nínú; iṣẹ́ EDTA ni kó di irin àti calcium mú kí omi lè gbé wọn lọ.

Àwọn olówó ńlá tó wà fún irun tó ní aró

Pureology, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2001 fún irun tó ní aró, Redken Color Extend Magnetics, àti Olaplex No. 4. Ẹ máa rí wọn ní ṣọ́ọ̀bù onírun ńlá ní Lekki àti Ikeja, àti lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà wá láti ìlú òyìnbó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní sulfate.

Ṣé owó wọn bá iṣẹ́ wọn mu? Fún àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ni. Olaplex yàtọ̀ sí ìyókù. Onímọ̀ kẹ́mísírì méjì, Craig Hawker àti Eric Pressly, ló ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀, bis-aminopropyl diglycol dimaleate, fún àwọn ìdè inú irun tí bilíìṣì ti já, ọjà náà sì jáde ní 2014. Bí irun yín bá ti dé ibi pé ó ń nà bí ẹ bá fà á nígbà tó tutù, tí kì í sì í padà, irú nǹkan báyìí ló lè ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ṣáńpù kì í pẹ́ lórí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, omi á gbé e lọ. Bí owó yín bá ká ẹyọ kan péré, èmi á ní kí ẹ ra No. 3, èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀ lórí irun kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ṣáńpù owó àárín fọ̀ ọ́.

Ẹni tó pa irun láró láì bilíìṣì, bí ẹni tó kun dúdú jet black tàbí brown tó súnmọ́ dúdú, kò nílò èyíkéyìí nínú wọn. Iyàtọ̀ tó wà láàárín Creme of Nature àti Pureology lórí irú irun bẹ́ẹ̀ kò tó ìyàtọ̀ owó wọn. Owó tó ṣẹ́ kù, ẹ fi ra kọndíṣọ́nà tó dára, torí kọndíṣọ́nà ló ń mú ìpẹ́ sùn, òun ló sì ni dídán ju ṣáńpù lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú níbi tí owó ti pọ̀. Àwọn orúkọ ńlá ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo bóyá ìdérí náà ti ṣí rí, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bóyá lẹ́tà kan ṣì. Bí owó tí wọ́n pè é bá kéré gan-an sí ti gbogbo ọjà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ṣáńpù àwọ̀ àlùkò àti ti búlúù

Ọjà yìí ni àwọn èèyàn ń rà láì nídìí jù. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àlùkò ń pa ìyeyè, búlúù ń pa àwọ̀ ọsàn. Irun dúdú tiwa, bí bilíìṣì bá wọ̀ ọ́, pupa ló kọ́kọ́ ń dà, lẹ́yìn náà àwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn náà ìyeyè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń dúró níbi àwọ̀ ọsàn tàbí gold, torí irun kò lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ láì já. Bí ẹ bá da àlùkò lé àwọ̀ ọsàn, kò ní ṣe ohunkóhun tó dára fún un. Bí gold bá sì ni ohun tí ẹ fẹ́, kí ló dé tí ẹ fẹ́ fi ṣáńpù pa á?

Ẹni tó nílò Fanola No Yellow tàbí Clairol Shimmer Lights ni ẹni tí irun rẹ̀ ti dé ìyeyè fẹ́lẹ́ tàbí funfun, ẹni tó kun platinum tàbí grey, àti bàbá tàbí ìyá tí ewú rẹ̀ funfun báláú tó sì ti ń gba ìyeyè. Wíìgì àti wíìfù-ọn 613 náà wà níbẹ̀; bó bá ti ń gba ìyeyè bí ẹ ṣe ń wọ̀ ọ́, Fanola máa dá a padà. Ó lágbára gan-an, ó máa ń kun ọwọ́ àti síńkì, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì máa wò ó bí ìṣẹ́jú ṣe ń lọ. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sórí, grey yín á di àlùkò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tó, ṣáńpù pẹ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi máa fọ̀ ọ́ láàárín.

Èyí tó jẹ́ búlúù ló bá brown tó ti ń yọ àwọ̀ ọsàn mu. Ẹni tó kun chestnut tàbí caramel, tó sì rí i pé ó ń pọ́n ju bó ṣe fẹ́ lọ, òun ni kó ra á.

Kí ẹ fi kọndíṣọ́nà fọ̀ ọ́

Àwọn kan ti pa ṣáńpù tì, kọndíṣọ́nà nìkan ni wọ́n fi ń fọ orí. Ó rọra jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo sọ, àwọ̀ kì í sì í tètè lọ. Ṣùgbọ́n kì í fọ awọ orí mọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ èépá á bẹ̀rẹ̀, orí á máa yún, pàápàá nínú ooru wa. Ẹ lò ó láàárín ìfọ̀ méjì, ẹ má sọ ọ́ di ìfọ̀ gan-an. Ẹni tó ní dread kó yẹra fún un pátápátá, torí ó ń dì sínú irun níbẹ̀, kì í sì í jáde.

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rìlásà sí irun yín, neutralizing shampoo, èyí tó ń pa agbára rìlásà, ni onírun gbọ́dọ̀ lò lọ́jọ́ yẹn, kò sí àfirọ́pò. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń yí àwọ̀ padà, ìfófó rẹ̀ á pọ́n bí rìlásà bá ṣì kù, á sì funfun nígbà tó bá ti jáde tán. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dáwọ́ dúró nígbà tó ṣì pọ́n. Kì í ṣe ṣáńpù tí à ń fi fọ orí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má sì pa irun láró lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun pupa, wine tàbí burgundy, ṣáńpù tí kò ní sulfate tó jẹ́ owó àárín ni. Ẹ dúró fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ẹ lo omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí tútù, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ṣáńpù kankan kò sí, bó ti wù kó wọ́n tó, tó lè mú pupa dúró lórí ẹni tó ń fọ orí ní ọjọ́ méjì-méjì, torí omi lásán náà ń kó àwọ̀ lọ.

Ẹni tó bilíìṣì dé gold tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí irun rẹ̀ sì ti ń já, kó ra Olaplex tàbí irú rẹ̀, pàápàá No. 3. Bí irun náà kò bá já, owó àárín tó o.

Ẹni tó ní platinum, grey tàbí 613: ṣáńpù pẹ̀lẹ́ fún gbogbo ìgbà, àlùkò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wíìgì kì í mú òróró jáde bí orí ṣe ń mú un jáde, nítorí náà kò nílò ìfọ̀ púpọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ nígbà tó bá dọ̀tí, kí ẹ fi í sínú omi tútù, kí ẹ sì jẹ́ kí ṣáńpù ṣàn láti òkè wá sísàlẹ̀ láì rún un.

Ẹni tí omi ilé rẹ̀ ń kun bọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí tó ń gbé London, kó kọ́kọ́ wá chelating shampoo kó tó ná kọ́bọ̀ kan lórí ohun mìíràn. Bó bá lè gbe omi òjò, kó fi ìyẹn ṣan irun gbẹ̀yìn.

Ẹni tí kò ní aró lórí rárá, tó ń di irun, tó sì ń lo òrí púpọ̀: ṣáńpù gálọ́ọ̀nù lọ́wọ́ onírun tó mọ iṣẹ́ máa tó o, kí kọndíṣọ́nà má ṣe wọ́n níbẹ̀.

Ní ti bàbá tó ń fi Bigen bo ewú, dúdú rẹ̀ kì í tètè ṣá, ewú tó ń hù láti ìdí ló ń fi í hàn. Kò sí ìdí láti ra ṣáńpù olówó ńlá. Kó kàn gbé ọṣẹ dúdú kúrò lórí, kó máa fi ṣáńpù tí kò ní sulfate fọ orí àti irùngbọ̀n rẹ̀, kó sì fi òróró díẹ̀ pa á lẹ́yìn tó bá gbẹ. Ìgò kan á pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, nítorí irun tó gé mọ́lẹ̀ kì í gbà ju mílílítà márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan.